Ìrántí Ìyá Rere: Kí Ni Mónìkà Mímọ́ Béèrè Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Rẹ̀?

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òrìṣà bí ìyá kò sí. Àwa onígbàgbọ́ kì í pe ìyá wa ní òrìṣà, nítorí Ọlọ́run kan ṣoṣo ni à ń sìn. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn. Ẹni tí ó lóyún wa fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ó pọ̀n wá, tí kò sùn ní òru ọjọ́ tí ibà mú wa, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọwọ́ wa láti ṣe àmì àgbélébùú kí a tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kú kí ilé má mì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí nípa bí ó ti yẹ kí a máa rántí ìyá tí ó jẹ́ ẹni ìgbàgbọ́, nígbà tí Olúwa bá pè é kúrò láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa ní Parakou. Ìlú àwọn tí ó ti ibòmíràn wá ni ìlú wa. Nígbà tí ojú irin dé ìhín ní ọdún 1936, ibí ni ó dúró sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a dúró. Nínú àwa tí ń sọ èdè Yorùbá, àwọn kan ti Ṣábẹ̀ wá, àwọn kan ti Kétu, àwọn kan ti Ìdàáṣà àti Pọbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti Nàìjíríà wá. A gbọ́ Dendi, a gbọ́ èdè Bààtọ̀nú, kí a lè nájà ní ọjà Arzèkè. A kọ́lé, a bímọ, a sì gbé àwọn ọmọ wa lọ síbi ìrìbọmi níhìn-ín. Síbẹ̀, bí ikú bá wọlé, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde: Níbo ni a ó sin ín sí?

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Ìyá tí ó ti lo ogójì ọdún ní Banikanni kú. Àkọ́bí tí ó wà ní Kútọnu ní dandan ni kí a gbé òkú lọ sí ìlú baba àwọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó tọ́jú ìyá títí ó fi dákẹ́, ní ibí ni ìyá ń gbé, ibí ni ìjọ rẹ̀ wà, ibí ni kí ó sùn sí. Ẹni kẹta, tí ó ti Èkó dé, ní ohun tí ó jẹ òun lógún ni kí ojú má ti ẹbí. Ìpàdé di ariwo. Òkú wà ní ilé ìgbókùúsí, owó ibẹ̀ sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. A yáwó ra aṣọ ẹbí, a háyà àga àti àtíbàbà, a pe onílù, a pa màlúù. Nígbà tí àlejò tú ká tán, gbèsè wà lọ́rùn, àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sì kí ara wọn mọ́. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀: Kí ni ìyá fúnra rẹ̀ fẹ́ kí a ṣe fún òun?

Ìyá kan wà tí a mọ ohun tí ó fẹ́ dájúdájú, nítorí ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Òun ni Mónìkà Mímọ́, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bí tiwa. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni Ìjọ máa ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀, ọ̀la rẹ̀ ni àjọ̀dún ọmọ rẹ̀, Ágústínì Mímọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n sí ìyá tí ó sunkún nítorí ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti kú, àti ohun tí ó sọ lórí ibùsùn ikú rẹ̀, ni a kì í sábà sọ.

ÌYÁWÓ ILÉ NÍ THAGASTE

Ní nǹkan bí ọdún 331 ni a bí Mónìkà, ní ìlú Thagaste, tí ó ń jẹ́ Souk Ahras ní orílẹ̀-èdè Àlgéríà lónìí. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Kì í ṣe pé a bí i ní ẹni mímọ́ o. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán an lọ bu ọtí wáìnì nínú àgbá, á kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó di ẹni tí ń mu kọ́ọ̀pù kan gbáko. Ní ọjọ́ kan tí òun àti ẹrúbìnrin ilé wọn ń jà, ẹrúbìnrin náà pè é ní ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, ó sì jáwọ́ ní ọjọ́ náà. Ágústínì kò fi èyí pamọ́ nígbà tí ó ń kọ ìtàn ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sọ́kàn, nítorí bí a bá ń rántí òkú, kò yẹ kí a máa purọ́ fún un.

Wọ́n fi í fún ọkọ tí kì í ṣe onígbàgbọ́, Patricius ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà lawọ́, ṣùgbọ́n inú a máa tètè bí i, kò sì mọ ọkọ ìyàwó kan ṣoṣo í ṣe. Ìyá ọkọ wà nílé, àwọn ẹrú sì ń gbé òfófó Mónìkà lọ bá a. Gbogbo obìnrin tí ó bá ti gbé inú agbo ilé rí mọ ohun tí à ń sọ. Mónìkà kò bá wọn jà. Ó fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bá ìyá ọkọ gbé títí ìyá náà fi rí òtítọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì padà fi ẹjọ́ àwọn olófòófó náà sun ọmọ rẹ̀. Ní ti Patricius, ó gba ìrìbọmi ní ìparí ayé rẹ̀, nígbà tí Ágústínì tó nǹkan bí ọmọ ọdún 17. A kò sọ èyí kí ọkùnrin kankan lè fi ṣe àwáwí láti máa fi ìyà jẹ aya rẹ̀. Sùúrù Mónìkà kò sọ ìbínú Patricius di ohun rere.

Ohun kan tí ọmọ rẹ̀ yìn ín fún jù ni pé bí ènìyàn méjì bá ń jà, tí àwọn méjèèjì sì wá tú ọ̀rọ̀ kíkorò sí i létí, kì í gbé ọ̀rọ̀ ti èyí dé ọ̀dọ̀ tọ̀hún, àfi èyí tí ó bá lè là wọ́n. Ẹ̀yin ará, ẹ wo iye ìpàdé ẹbí tí ìbá parí sí ẹ̀rín bí a bá ní ẹnì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ láàárín wa!

ỌMỌ TÍ Ó SÁ LÓRU

Ọmọ mẹ́ta ni a mọ̀ fún Mónìkà: Ágústínì, tí a bí ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354, Navigius, àti ọmọbìnrin kan. Ágústínì ni ó mọ̀wé jù, òun náà ni ó sì fún un ní wàhálà jù. Ó lọ kàwé ní Carthage, ó mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, ó bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Adeodatus, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó fi í fúnni. Lẹ́yìn náà ó lọ darapọ̀ mọ́ ẹ̀sìn àwọn ará Mani, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Inú bí Mónìkà dé ibi pé kò fẹ́ kí ó bá òun gbé ilé kan náà, kí ó sì bá òun jẹun lórí tábìlì kan náà. Nígbà náà ni ó lá àlá kan. Ó rí ara rẹ̀ tí ó dúró lórí ọ̀pá ìdíwọ̀n onígi, ó ń sunkún; ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán wá bi í léèrè ìdí ẹkún, ó sì ní kí ó wò ó, pé ibi tí ó wà ni ọmọ rẹ̀ wà pẹ̀lú. Nígbà tí ó rọ́ àlá náà, Ágústínì fẹ́ fi ọgbọ́n yí i padà, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá ni yóò wá sọ́dọ̀ òun. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá dá a lóhùn pé rárá o, a kò sọ fún òun pé ibi tí ọmọ wà ni ìyá yóò wà, ibi tí ìyá wà ni ọmọ yóò wà. Ó sì gbà á padà sílé.

Ó tọ bíṣọ́ọ̀bù kan lọ pé kí ó bá òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀, ó ní ọmọ náà kò tíì ṣe tán láti gbọ́. Mónìkà kò dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀, títí ó fi sú bíṣọ́ọ̀bù, tí ó ní kí ó máa lọ, pé ọmọ tí a da omijé tó báyìí lé lórí kò lè ṣègbé. Ìyá gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti wá.

Ní ọdún 383, Ágústínì fẹ́ lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn létí òkun, pé kí ó padà sílé tàbí kí ó mú òun lọ. Ó purọ́ fún un pé ọ̀rẹ́ òun kan ni òun fẹ́ sìn dé inú ọkọ̀. Ìyá lọ sun ilé àdúrà Cyprian Mímọ́ tí ó wà nítòsí, ó ń gbàdúrà níbẹ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti kúrò nílé lọ́jọ́ kan láìdágbére, ẹ kò nílò kí a túmọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà fún yín. Mónìkà sunkún, ó padà sílé, ó ń bá àdúrà lọ. Nígbà tí ó ṣe, òun náà wọ ọkọ̀ òkun. Ìjì jà lójú ọ̀nà; òun obìnrin ni ó ń ki àwọn atukọ̀ láyà. Ó bá ọmọ rẹ̀ ní Milan, ní Ítálì.

OÚNJẸ LÓRÍ IBOJÌ

Ní Milan, ohun kékeré kan ṣẹlẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Áfíríkà, Mónìkà a máa gbé oúnjẹ lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú: ògì, búrẹ́dì àti ọtí wáìnì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Milan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n aṣọ́nà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ti kà á léèwọ̀, fún ìdí méjì: kí àwọn ọ̀mùtí má baà rí àyè, àti nítorí pé ó jọ ètùtù tí àwọn abọ̀rìṣà ń ṣe fún àwọn òkú wọn.

Mónìkà kò bínú, kò sì sọ pé bí wọ́n ti ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ọkàn tí ó kún fún àdúrà ni ó ń gbé lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú, ó sì ń fún àwọn tálákà ní ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ṣíwọ́ ìrántí òkú. Oúnjẹ náà ni ó yí ọ̀nà padà: kò lọ sí orí ibojì mọ́, ó lọ sí ẹnu ẹni tí ebi ń pa.

Ní òru Àjíǹde ọdún 387, Ambrose ri Ágústínì àti Adeodatus bọmi ní Milan. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìyá ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọjọ́ náà.

NÍ OSTIA

Wọ́n wá ń padà bọ̀ wá sí Áfíríkà: Mónìkà, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, Adeodatus, àti àwọn ọ̀rẹ́. Wọ́n dúró ní Ostia, èbúté Róòmù, láti sinmi kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá àti ọmọ fara ti fèrèsé kan tí ó dojú kọ ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìyè àìnípẹ̀kun, títí ayé fi fúyẹ́ lójú wọn. Mónìkà sọ níbẹ̀ pé kò sí ohun tí ó tún dùn mọ́ òun ní ayé yìí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó mú òun fẹ́ pẹ́ díẹ̀ ni kí òun rí ọmọ òun ní onígbàgbọ́ Kátólíìkì, Ọlọ́run sì ti ṣe é, ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Ó dákú lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó jí, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wọn yóò sin ìyá wọn sí.

Ẹ̀yin ará, kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ná an. Mónìkà ti pèsè ibojì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Thagaste, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ibojì náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé, lẹ́yìn tí ó la òkun kọjá, ilẹ̀ kan náà ni ó padà bo òun àti ọkọ òun. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tí kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀? Àwa náà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Nítorí náà nígbà tí ó sọ pé kí wọ́n sin òun sí Ostia, Ágústínì dákẹ́, kò mọ ohun tí yóò sọ. Navigius ni ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá sọ: ó ní ìbá dára kí ìyá kú sí ilé, kì í ṣe ní ilẹ̀ àjèjì. Ìyá wò ó pẹ̀lú ìbáwí lójú, ó sì yíjú sí Ágústínì pé kí ó gbọ́ ohun tí arákùnrin rẹ̀ ń sọ. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn méjèèjì pé ibi tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n tẹ́ ara òun sí, kí ó má ṣe dà wọ́n láàmú rárá. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀ wọ́n, pé níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa.

Àwọn ọ̀rẹ́ Ágústínì ti bi ìyá léèrè ní ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bóyá ẹ̀rù kò ba òun láti fi ara òun sílẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí ilé tó bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé kò sí ibi tí ó jìnnà sí Ọlọ́run, àti pé kò sí ìdí láti bẹ̀rù pé ní òpin ayé Ọlọ́run kò ní mọ ibi tí yóò ti jí òun dìde.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ni ó kú, ní ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ayé rẹ̀. Ágústínì wà ní ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n ayé tirẹ̀.

Adeodatus ké sókè, àwọn àgbà sì pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan, Evodius, ṣí ìwé Orin Dáfídì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, gbogbo ilé sì ń gbe é. Wọ́n gbé òkú lọ sí ẹ̀bá ibojì, wọ́n sì rú Ẹbọ Mímọ́ Mísà fún un kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Ìsìnkú náà parí. Ágústínì gbìyànjú láti má sunkún. Ó lọ wẹ̀, bóyá ìbànújẹ́ yóò lọ, kò lọ. Ó sùn, ó jí, ó rántí bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ onínúure sí òun, omijé sì bọ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé òun sunkún ìyá òun fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kí onítọ̀hún má fi òun rẹ́rìn-ín, kàkà bẹ́ẹ̀ kí ó sunkún fún ẹ̀ṣẹ̀ òun níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń sọ pé ọkùnrin kì í sunkún, bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ ni ó kọ èyí nípa ara rẹ̀.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, ó bẹ gbogbo ẹni tí yóò bá kà á pé kí wọ́n rántí Mónìkà àti Patricius níbi pẹpẹ. Ìyá béèrè àdúrà lọ́wọ́ ọmọ méjì. Ọmọ bá a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ó ti lé ní ọdún 1600 báyìí, a kò sì tíì ṣíwọ́.

Ní ti ara tí ó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú lé lórí, Pópù Martin Karùn-ún ni ó mú kí wọ́n gbé egungun rẹ̀ láti Ostia lọ sí Róòmù ní ọdún 1430. Ó wà níbẹ̀ di òní ní ṣọ́ọ̀ṣì Ágústínì Mímọ́. Ní ọdún 1945, àwọn ọmọdékùnrin tí ń gbẹ́ ihò fún eré ìdárayá ní Ostia ṣèèṣì kan àfọ́kù òkúta ibojì rẹ̀ àtijọ́.

KÍ NI ÈYÍ KỌ́ WA?

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní sísin? Bí ó bá jẹ́ ariwo, màlúù àti aṣọ ẹbí ni, a jẹ́ pé Ágústínì kò sin ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ọmọ tí ó sin ìyá jù ú lọ.

A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé òkú lọ sílé. Jákọ́bù nínú Ìwé Mímọ́ bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun láti Íjíbítì lọ sin sọ́dọ̀ àwọn baba òun, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mónìkà ní ibikíbi tó. Àwọn méjèèjì sùn nínú ìgbàgbọ́. Ohun tí ó burú ni kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ó gbẹ́ tú àwọn ọmọ tí ìyá fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ká. Nítorí náà a rọ̀ yín sí nǹkan mélòó kan.

Èkíní, ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè nígbà tí wọ́n wà láàyè. A mọ̀ pé ẹnu kì í fẹ́ sọ ọ́, pé yóò dà bí ẹni tí ń pe ikú. Ṣùgbọ́n Mónìkà fúnra rẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ pa pọ̀, kì í ṣe fún ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹnì kan má baà pe èkejì ní òpùrọ́ lẹ́yìn yín.

Èkejì, ẹ má ṣe yá owó sin òkú. Ìyá tí ó ru ẹrù lọ sí ọjà kí ọmọ má baà jẹ gbèsè owó ilé ìwé kò lè fẹ́ kí ọmọ náà jẹ gbèsè nítorí àtíbàbà. Ohun tí agbára bá ká ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá sì ní lọ́wọ́, ẹ rántí agbọ̀n Mónìkà: ẹ bọ́ opó àti ọmọ aláìníbaba tí ó wà ládùúgbò kí ẹ tó bọ́ ẹni tí ó ti yó.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa bẹ Mísà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe é ní ọjọ́ ìsìnkú, ó sì parí síbẹ̀. Ìwé Kejì àwọn Mákábéè, orí 12, fi hàn wá bí Júdásì Mákábéù ti kó owó jọ láti rú ẹbọ fún àwọn tí ó kú sójú ogun. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ikú ìyá máa jẹ́ ọjọ́ Mísà ní ọdọọdún, kí a sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá pẹ̀lú gbogbo òkú onígbàgbọ́. Ọmọ tí ó wà ní Èkó lè ṣe é ní Èkó, ẹni tí ó wà ní Kútọnu lè ṣe é ní Kútọnu. Níbikíbi tí wọ́n bá wà ni ìyá yẹn wí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kò dìgbà tí a bá jẹ́ Ágústínì. Ra ìwé àjákọ olówó pọ́ọ́kú, kí o kọ ìlú tí a bí i sí, ẹni tí ó rì í bọmi, ọdún tí ó dé Parakou, ohun tí ó ń tà, orin tí ó ń kọ bí ó bá ń gbá ilẹ̀ àárọ̀, ọdún tí ó kọ́kọ́ bá àwọn onírìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdàáṣà lọ kí Ìyá wa Màríà. Kọ àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú, bí Ágústínì ti kọ ti ọtí wáìnì. Ọmọ-ọmọ tí kò bá a láyé yóò mọ̀ pé ènìyàn ni, kì í ṣe àwòrán ara ògiri.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ parí ìjà kí ẹ tó parí ìnáwó. Ẹnì kan ní láti jẹ́ Mónìkà nínú ìpàdé ẹbí: ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kíkorò láti ọ̀tún àti láti òsì, tí kò sì ní gbé e kiri.

Ó ku àwọn ìyá tí ó ń ka ojú ewé yìí, tí ìyà ibojì kò tíì kàn, ṣùgbọ́n tí ìyà ọmọ kàn. Ọmọ kan kò wá sí Mísà mọ́. Ọmọ kan ti lọ sí ìlú òkèèrè, kò sì kọ̀wé, kò pè. Ẹ má rò pé omijé yín ń ṣòfò. Mónìkà kò mọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ lọ láìmú un, pé ọ̀nà ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń tọ̀. Ẹ máa bá àdúrà lọ, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè fún gbogbo ìyá wa tí ó ti sùn nínú ìgbàgbọ́ ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí wọn lára, ìbáà jẹ́ Parakou ni wọ́n sùn sí, tàbí Kétu, tàbí Ṣábẹ̀, tàbí ibi tí ọmọ kankan kò mọ̀ mọ́. Kí ó dá àwọn tí ó wà láàyè sí fún wa. Mónìkà Mímọ́, gbàdúrà fún àwọn ìdílé wa. Àmín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.